Fífi Ojú Inú Rí Ọ̀la: Ọgbọ́n Kan fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Dín Sìgá Mímu Kù

Nínú gbogbo ohun tí ó ṣòro láti yé ni nínú ìwà ọmọ ènìyàn, ọ̀kan ni pé ènìyàn lè mọ ohun tí yóò ṣe é ní ibi, kí ó sì tún máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ẹnu. Ó pẹ́ tí páálí sìgá ní ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń gbé ìkìlọ̀ ìjọba kiri pé ẹni tí ń mu sìgá lè kú ní rèwerèwe. Ẹni tí ó ra páálí náà mọ̀wé. Ó ka ìkìlọ̀ náà. Ó tilẹ̀ lè túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣá ìṣáná. Kò ṣeé sọ pé òmùgọ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé dókítà wà nínú wọn, olùkọ́ wà nínú wọn, adájọ́ sì wà nínú wọn. Bí kì í bá ṣe àìmọ̀, kí ni?

Àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa ìrònú àti ìhùwàsí ènìyàn ti rí apá kan nínú ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Wọ́n ní ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ kì í ṣe inú ìmọ̀, bí kò ṣe inú ọ̀nà jíjìn tí ó wà láàárín òní àti ọ̀la. Wọ́n sì ti rí i pé bí amusìgá bá lè fi ojú inú rí ohun rere kan tí ń bọ̀ wá bá a, tí ó sì rí i gbangba bí ẹni tí ń wo ìran, agbára tí sìgá ní lórí rẹ̀ a máa dínkù. Ó yẹ kí á mọ bí èyí ti rí, ohun tí ó fà á, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ TI WÚWO TÓ

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé iye ènìyàn tí tábà ń pa ní ọdọọdún ju 7,000,000 lọ. Nínú wọn ni a ti rí àwọn tí kò fi sìgá kan ẹnu rí, tí ó jẹ́ pé èéfín àwọn ẹlòmíràn ni ó pa wọ́n. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2012 fi hàn pé àwọn àgbàlagbà tí ń lo tábà tó nǹkan bí 4,500,000, ọkùnrin sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Òfin tí ìjọba ṣe nípa tábà ní ọdún 2015 ka sìgá mímu léèwọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ilé ìwòsàn àti nínú ọkọ̀ èrò. Òfin lè lé èéfín jáde kúrò nínú ilé-ẹ̀kọ́. Kò lè lé ìfẹ́ sìgá jáde kúrò nínú ara ẹni tí ó ti mọ́ lára.

Ìwádìí tí ó fi bí ọ̀ràn náà ti rí hàn kedere jùlọ ni èyí tí Richard Doll àti Austin Bradford Hill bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn dókítà ọkùnrin 34,439 ní ilẹ̀ Bírítéènì. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi tọ ipasẹ̀ wọn. Nígbà tí Doll àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, ó hàn pé ẹni tí ó mu sìgá títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi nǹkan bí ọdún 10 kú ṣáájú ẹni tí kò mu ún rí. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ṣíwọ́ ní ẹni 60 ọdún jèrè ọdún 3. Ẹni tí ó ṣíwọ́ ní 50 jèrè ọdún 6. Ẹni tí ó ṣíwọ́ ní 40 jèrè ọdún 9. Ẹni tí ó sì ṣíwọ́ ní 30 gba ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá padà, tàbí kí ó kù díẹ̀. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ohun kékeré. Inú rẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí ìgbéyàwó ọmọ, tí ó ti lè gbé ọmọ-ọmọ jó, tí ó sì ti lè jókòó jẹ èrè iṣẹ́ tí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe.

ÌDÍ TÍ ÒNÍ FI Ń BORÍ Ọ̀LA

Àgbẹ̀ mọ ọ̀ràn yìí kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó fún un ní orúkọ. Nígbà tí ìyàn bá mú, tí ọmọ sì ń sunkún, iṣu èbù tí ó kó pamọ́ fún gbígbìn a máa pè é. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ èbù, òun ti jẹ oko ọdún tí ń bọ̀. Iṣu ọdún tí ń bọ̀ sì pọ̀ ju iṣu tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ebi kò mọ ọdún tí ń bọ̀. Bákan náà ni ahéré kékeré tí ó wà nítòsí ṣe lè bo òkè Ìdànrè mọ́ ẹni tí ó dúró sí ẹ̀bá rẹ̀ lójú. Òkè náà kò kéré sí i. Jíjìn ni ó jìn.

Ní ọdún 1987, James Mazur, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó fi ẹyẹlé ṣe ìwádìí, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí ó fi bí iyì ohun tí ó jìn ti ń dínkù hàn. Ìṣirò náà kò le. Mú iye ọjọ́ tí a óò fi dúró, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú nọ́ńbà kan tí ó dúró fún àìnísùúrù ẹni náà. Fi 1 kún un. Kí o wá fi àròpọ̀ rẹ̀ pín ohun tí a ń retí. Kí a sọ pé wọ́n ṣèlérí 10,000 náírà fún ènìyàn méjì, tí wọn yóò gbà á lẹ́yìn 30 ọjọ́. Bí nọ́ńbà ti ẹni àkọ́kọ́ bá jẹ́ 0.01, owó náà jọ 7,692 náírà lójú rẹ̀ ní òní. Bí ti ẹnì kejì bá jẹ́ 0.1, owó kan náà kò jọ ju 2,500 náírà lọ lójú tirẹ̀. Owó náà kò yí padà, ọjọ́ náà kò yí padà. Ojú tí wọ́n fi wò ó ni ó yàtọ̀.

Ìṣirò yìí kan náà ni ó túmọ̀ ohun tí gbogbo amusìgá mọ̀, èyíinì ni ìpinnu alẹ́ tí kì í mọ́ ilẹ̀. Kí a sọ pé adùn sìgá jẹ́ 10, kí ìlera tí yóò dé ní 30 ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sì jẹ́ 30. Fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0.1, nígbà tí sìgá náà ṣì wà ní 30 ọjọ́ sí i, iyì sìgá jẹ́ 2.5, iyì ìlera sì lé ní 4. Ìlera ni ó borí. Ẹni náà sì búra tọkàntọkàn pé òun yóò ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí sìgá bá ti wà lọ́wọ́, iyì rẹ̀ ti di 10, ti ìlera kò sì ju 7.5 lọ. Kì í ṣe pé ó purọ́ nígbà tí ó ń búra. Òótọ́ ni ó sọ ní ibi tí ó dúró sí. Ibi tí ó dúró sí ni ó yí padà. Sìgá sì yára ju ọ̀pọ̀ ohun mìíràn lọ: láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 tí ènìyàn bá fà á, níkótíìnì inú rẹ̀ ti dé ọpọlọ. Ọ̀dọ̀ sìgá, owó ọ̀yà kì í pẹ́. Gbèsè rẹ̀ ni ó ń pẹ́.

Ní ọdún 1999, Warren Bickel àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà fi èyí dán àwọn ènìyàn wò. Wọ́n kó àwọn tí ń mu sìgá jọ, pẹ̀lú àwọn tí kò mu ún rí, àti àwọn tí ó ti ṣíwọ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa yàn láàárín owó díẹ̀ lójú ẹsẹ̀ àti 1,000 dọ́là tí yóò dé lẹ́yìn àkókò kan, láti ọ̀sẹ̀ kan títí dé ọdún 25. Owó àfẹnusọ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi hàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Lójú àwọn amusìgá, iyì owó ọjọ́ iwájú yára dínkù ju bí ó ti rí lójú àwọn tí kò mu ún rí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ṣíwọ́ kò yàtọ̀ sí àwọn tí kò mu ún rí. Nínú èyí ni ìrètí wà: ó lè jẹ́ pé ojú tí ènìyàn fi ń wo ọ̀la kì í ṣe àyànmọ́ tí kò gbóògùn.

OJÚ INÚ ÀTI ỌPỌLỌ

Kí ni ènìyàn fi ń rí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ yani lẹ́nu: ohun tí ó fi ń rántí àná ni. Endel Tulving, ọ̀mọ̀wé kan ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, kọ̀wé ní ọdún 1985 nípa ọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa. Ọkùnrin náà lè sọ̀rọ̀, ó sì mọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ayé, ṣùgbọ́n kò lè rántí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo nínú ìgbé ayé ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í ní ohun tí yóò ṣe ní ọ̀la, òfìfo ni ó bá nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí kò ní àná kò lè ya àwòrán ọ̀la. Ní ọdún 2007, Demis Hassabis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí ohun tí ó jọ èyí lára àwọn tí apá ọpọlọ wọn tí à ń pè ní hippocampus ti bàjẹ́: bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ojú inú wo ibì kan, bí etí òkun, ohun tí wọ́n rí a máa já sí wẹ́wẹ́, kò ní so pọ̀.

Ní ọdún 2001, Cristina Atance àti Daniela O'Neill fi orúkọ kan pe agbára tí ènìyàn ní láti gbé ara rẹ̀ lọ sínú ìṣẹ̀lẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó sì gbé inú rẹ̀ wò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ní èdè Yorùbá, a lè pè é ní fífi ojú inú rí ọ̀la. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú mímọ̀ pé ọ̀la yóò dé. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò dàgbà kò tíì rí ara rẹ̀ ní àgbà.

Àwọn tí ó so ìmọ̀ yìí mọ́ ọ̀ràn sùúrù ni Jan Peters àti Christian Büchel, ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 2010. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn irú ètò tí wọ́n ti ṣe fún àwọn ọjọ́ tí ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń fi owó ìsinsìnyí àti owó ọjọ́ iwájú lọ̀ wọ́n, wọ́n a máa kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ owó náà tí yóò rán wọn létí ohun tí wọn yóò máa ṣe ní àkókò náà. Àwọn ènìyàn náà túbọ̀ ní sùúrù. Bí ohun tí wọ́n fi ojú inú rí ti hàn gbangba tó, bẹ́ẹ̀ ni sùúrù wọn ti pọ̀ tó. Nínú ọpọlọ wọn, apá iwájú tí ó ń ṣe ìpinnu ń bá apá tí ìrántí wà ṣiṣẹ́ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ LÁRA ÀWỌN AMUSÌGÁ

Ó kù kí wọ́n gbé ọgbọ́n yìí lọ sí ọ̀dọ̀ amusìgá. Jeffrey Stein, Warren Bickel àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ Virginia ni ó ṣe èyí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2016. Wọ́n pín àwọn amusìgá sí ọ̀nà méjì. Àwọn ti apá kan ro àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ aládùn tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ọjọ́ iwájú. Àwọn ti apá kejì ro àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ aládùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ìdí tí ìpín kejì yìí fi ṣe pàtàkì ni pé bí wọn kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè sọ pé inú dídùn ni ó mú wọn gbàgbé sìgá. Inú àwọn méjèèjì ni wọ́n mú dùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wo iwájú nìkan ni sùúrù wọn pọ̀ sí i, tí iye ìgbà tí wọ́n fa sìgá sì dínkù nígbà tí ààyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Ní ọdún 2017, Wen-Bin Chiou àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Taiwan fi kún un. Wọ́n ní kí amusìgá rí ara rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò mu sìgá mọ́. Sùúrù irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, sìgá tí ó mu sì dínkù. Ní ọdún 2018, Stein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún padà wá láti yẹ iyèméjì kan wò: ǹjẹ́ kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ń sọ ohun tí wọ́n rò pé olùwádìí fẹ́ gbọ́? Ohun tí wọ́n rí ni pé èyí nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìyípadà náà.

BÍ A TI Ń ṢE É

Kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ń mu sìgá mẹ́wàá lóòjọ́. Bí ó bá mú ìwé tí ó kọ ọ́ pé, "Ara mi yóò le, ayé mi yóò sì dára," kò tíì ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú inú lè dì mú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní ni. Mo dúró ní etí pápá ìṣeré ilé-ẹ̀kọ́. Fèrè ń dún. Bọ́lá ọmọ mi wọ aṣọ pupa, ó ṣe ipò kejì, ó sáré wá dì mọ́ mi, kò sì yí imú padà nítorí òórùn tábà," ó ti gbé ọ̀la wá sí ìtòsí. Ó lè kọ òmíràn fún oṣù mẹ́fà sí i, àti òmíràn fún ọdún kan: ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ yóò gbéyàwó, tí yóò jó láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ àgọ́ láìmí hẹlẹ.

Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú èyí. Èkíní, ìṣẹ̀lẹ̀ náà jẹ́ ti ẹni náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹlòmíràn yàn fún un. Èkejì, ó ní ọjọ́, ó ní ibi, ó sì ní àwọn ènìyàn nínú, pẹ̀lú ohun tí ojú rí, tí etí gbọ́, tí imú sì gbóòórùn. Ẹ̀kẹta, ohun ayọ̀ ni, ó sì jẹ́ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ máa ro bí òun yóò ti gba ẹ̀bùn. Ẹ̀kẹrin, ó ní àmì kúkúrú tí a lè fi pè é. "Bọ́lá, aṣọ pupa, Sátidé": ó lè kọ èyí sí orí pépà pélébé, kí ó fi í sí àpò tí páálí sìgá ń gbé. Nígbà tí ìfẹ́ sìgá bá dé, yóò mú pépà náà jáde, yóò sì dúró nínú ìran náà fún ìgbà díẹ̀. Ìfẹ́ sìgá kì í sábà dúró pẹ́. Bí ìjì ni, a máa jà, a sì máa lọ.

KÌ Í ṢE ÀLÁ ỌJÚMỌMỌ

A kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo ìrònú dáadáa ni ó lérè. Ní ọdún 2002, Gabriele Oettingen àti Doris Mayer tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ń wá iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ń gbádùn iṣẹ́ náà nínú ọkàn wọn ṣáá, bí ẹni pé ó ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ni kò kọ̀wé wá iṣẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, iṣẹ́ tí wọ́n rí kéré, owó oṣù wọn sì kéré. Ẹni tí ó ti jẹ àsè tán nínú àlá kì í dìde dáná.

Ní ọdún 2010, Oettingen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀ràn náà dé ọ̀dọ̀ amusìgá. Wọ́n ní kí ẹni náà kọ́kọ́ rí ohun rere tí yóò tẹ̀yìn dídín sìgá kù wá, kí ó sì wá gbé ohun tí ń dí i lọ́wọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọ̀rẹ́ tí ń fi sìgá lọ̀ ọ́, tíì àárọ̀ tí kò dùn láìsí i, ìbínú ibi iṣẹ́. Àwọn tí ó gbàgbọ́ pé àwọn lè ṣe é ni ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìgbésẹ̀. Nítorí náà, ọgbọ́n méjèèjì kò tako ara wọn. Ohun ayọ̀ tí a rí níwájú ni yóò fún ni ní ìdí láti rìn. Ohun ìdènà tí a rí lójú ọ̀nà ni yóò kọ́ ni bí a óò ti rìn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n yìí kò sọ oògùn di asán. Ohun tí ó ti hàn jùlọ nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí ni ìyípadà ìgbà kúkúrú, láàárín ọjọ́ ìdánwò; dídín kù kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ṣíṣíwọ́ pátápátá. Ní ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde nípa bí a ti lè ran àgbàlagbà lọ́wọ́ láti fi tábà sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti gba ni nímọ̀ràn oògùn bíi varenicline, àwọn ohun tí a fi níkótíìnì ṣe láti rọ́pò sìgá, àti ìmọ̀ràn láti ẹnu òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣíwọ́ yóò ṣe dáadáa bí ó bá lọ rí wọn. Ojú inú yóò bá oògùn ṣiṣẹ́. Kò wá gba ipò rẹ̀.

Ọ̀LA NÍNÚ ÈDÈ ÀTI ÌṢE YORÙBÁ

Ẹni tí ó bá fetí sí èdè Yorùbá yóò ṣàkíyèsí pé orúkọ méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn ni ó fi pe ohun tí ń bọ̀: ọjọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀la. Ohun tí ó wà níwájú ni ojú lè rí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ni ó pamọ́ fún ojú. Ìkìlọ̀ ara páálí sìgá ń sọ fún ni nípa ẹ̀yìn ọ̀la, ó sì dúró sí ẹ̀yìn. Iṣẹ́ tí ojú inú ń ṣe ni pé ó gbé e wá sí iwájú.

Àwọn àgbà kò ṣàìmọ agbára àwòrán bẹ́ẹ̀. Nígbà ìsọmọlórúkọ, wọn kì í fi mọ sí wíwí pé kí ayé ọmọ dùn. Wọn a fi oyin kàn án lẹ́nu, kí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ lè rántí bí adùn ti rí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ìwúre jẹ́ ohun tí a ń ṣe lórí ẹlòmíràn, ní ọjọ́ kan, ní gbangba. Ohun tí amusìgá yóò ṣe yìí jẹ́ ti òun nìkan, ní wákàtí tí kò sí ẹni tí ń wò ó, tí ìṣáná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún olùkọ́ àti òbí pẹ̀lú. Ẹni tí ó fẹ́ gba amusìgá là ti fi ikú dẹ́rù bà á títí, ẹ̀rù náà sì ti di ohun àtijọ́ létí rẹ̀. Ó sàn kí ó bi í léèrè pé, kí ni ohun rere tí ìwọ ń retí ní ọdún yìí? Ta ni yóò wà níbẹ̀? Aṣọ wo ni ìwọ yóò wọ̀? Kí ó sì ní sùúrù títí tí yóò fi dáhùn. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké; ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé oyin wà nínú àpáta náà, kí ó sì ti rántí bí ó ti dùn tó.